Láptọ́ọ̀pù Géèmù Tàbí Èyí Tó Fẹ́lẹ́?

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù ni bóyá ìdí iná mànàmáná ló ti máa ń ṣiṣẹ́, nítorí pé láptọ́ọ̀pù géèmù kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ bí a bá yọ ọ́ kúrò lára iná. Ṣájà rẹ̀ lè tó wáàtì 230, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń wúwo ju kìlógíráàmù 2 lọ (ẹ béèrè lọ́wọ́ èjìká), nígbà tó jẹ́ pé wáàtì 65 ti tó ọ̀pọ̀ èyí tó fẹ́lẹ́.

Orúkọ káàdì àwòrán, ìyẹn ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán géèmù jáde sójú kọ̀ǹpútà, nìkan kò tó láti fi rajà. Káàdì RTX 4060 ti inú láptọ́ọ̀pù kan lè máa gba wáàtì 35, kí ti òmíràn máa gba 115, èyí tó ń gba díẹ̀ yóò sì lọ́ra ju èkejì lọ. Ó yẹ kí àwọn olùtajà máa kọ iye wáàtì náà síta gbangba.

Ní ti èyí tó fẹ́lẹ́, wọ́n sábà máa ń lẹ RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) mọ́ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ pátápátá, tí kò fi ní ṣeé fi kún mọ́, nítorí náà 16GB ni kí ẹ rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni èmi yóò mú fún ìwé kíkọ àti fídíò wíwò.