RealNetworks: àwọn tó jẹ́ ká máa gbọ́ nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì dáńlóòdù

Ẹ bi ọmọ ìsinsìnyí pé ta ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kéèyàn máa gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì dáńlóòdù ẹ̀, Spotify ló máa sọ, tàbí YouTube. Ó máa ń dùn mí. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, tó ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì yìí rárá, RealNetworks lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo Nokia onísymbian láyé ọjọ́un, RealPlayer tẹ́ ẹ fi ń wo fídíò 3gp tí wọ́n bá fi Bluetooth ránṣẹ́ sí yín, iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyẹn.

Rob Glaser ló dá a sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tó fi ṣiṣẹ́ ní Microsoft kó tó kúrò lọ́dún 1993, nígbà tó di 1994 ó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, Progressive Networks ló kọ́kọ́ pè é torí pé ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nígbà yẹn ni kó máa gbé ètò àwọn tó ń jà fún àtúnṣe ìlú síta fáráyé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn kẹ́ ẹ lè mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe tóbi tó. Modem ni gbogbo èèyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wáyà tẹlifóònù ilé ló ń gbà, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ju 14.4 kilobit lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó o bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àfi kó o dáńlóòdù ẹ̀ tán pátápátá kó tó lè fọhùn, o sì máa jókòó tì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lọ fíìfíì. Ohun tí RealAudio, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Glaser ṣe, wá ṣe nígbà tó jáde ní oṣù kẹrin 1995 ni pé ó fún ohùn yẹn pọ̀ títí tó fi lè gba inú wáyà tínrín yẹn kọjá, player, ìyẹn ètò tó ń gbé ohùn jáde lórí kọ̀ǹpútà rẹ, á kọ́kọ́ gba ìwọ̀nba díẹ̀ pamọ́, á wá máa sọ ọ́ jáde bí ìyókù ṣe ń dé lẹ́yìn, tí ìyókù ò bá sì tètè dé á dúró, á kọ buffering sójú ẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣì ń kó ìyókù jọ. Ohùn ẹ̀ ò dáa, bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ kú ló rí, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀! ABC News àti NPR, ilé iṣẹ́ ìròyìn àti rédíò ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó.

Ní September 5, 1995, wọ́n gbé ìdíje baseball láàárín Seattle Mariners àti New York Yankees gba orí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì gbọ́ ọ. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kan ti gbé orin lórí Mbone, ọ̀nà àkànṣe kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 1993, àmọ́ àwọn tó wà ní yunifásítì àti ilé ìwádìí nìyẹn wà fún. Ti Glaser, ẹni tó wà nílé ẹ̀ tó ní modem ló wà fún, ìyàtọ̀ ńlá sì nìyẹn lójú tèmi.

Bí wọ́n ṣe ń pawó ni pé wọ́n ń fún aráyé ní player lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n wá ń ta server, ìyẹn ètò tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn player yẹn, fún àwọn tó fẹ́ gbé ètò síta. Lọ́dún 1997 RealVideo, tiwọn tó wà fún fídíò, jáde, wọ́n yí orúkọ padà sí RealNetworks, wọ́n sì gbé ìpín wọn lọ sọ́jà. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft ra ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ náà. Àmọ́ Microsoft ní tiẹ̀ lọ́wọ́, Windows Media Player, ó sì ń bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló tún máa wá òmíì lọ? Ní oṣù keje 1998 Glaser lọ jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà, ó ní player Microsoft ń ba tàwọn jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà èèyàn, Microsoft ní irọ́ ni. RealNetworks gbé Microsoft lọ kóòtù ní December 2003, ó di October 2005 kí wọ́n tó parí ẹ̀, mílíọ̀nù dọ́là 761 ni Microsoft gbà láti fi yanjú ẹ̀, owó àti iṣẹ́ lápapọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn yìí síbẹ̀ pé Microsoft ló pa wọ́n. Èmi ò gbà. Lọ́dún 1999 àṣírí tú pé RealJukebox, ètò tí wọ́n ṣe fún gbígbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà, ń fi orin tí èèyàn ń gbọ́ ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ náà láì sọ fún un, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún un ṣe, àmọ́ àwọn èèyàn ò fọkàn tán wọn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Player fúnra ẹ̀ wá ń yọ ìpolówó sójú, ọ̀fẹ́ tó wà níbẹ̀ sì ṣòroó rí torí èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n gbé síwájú. Nígbà tó fi máa di 2006, ìwé ìròyìn PC World fi RealPlayer sí ipò kejì nínú àwọn ọjà kọ̀ǹpútà tó burú jù látìgbà tó ti wà. Ẹni tó ń sá fún ọ, tó bá rí ọ̀nà míì ó máa gbà á, YouTube sì ti dé ní 2005 tó ń lo Flash, ètò tó ń gbé fídíò jáde nínú browser, kò sí pé ò ń wá player kankan kiri mọ́.

Rhapsody, ètò orin tí wọ́n ń san owó oṣooṣù fún, lèyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Listen.com ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2001, RealNetworks rà wọ́n ní 2003: nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lóṣù, o máa gbọ́ orin tó wù ẹ́. Ẹ wò ó, ohun tí Spotify gbé wá ní 2008 gan-an nìyẹn! Fóònù tó máa gbé e ni ò tíì sí lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ilé iṣẹ́ náà ní 2010, nígbà tó yá ó ra Napster, ilé iṣẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì míì, òun náà sì yí orúkọ ẹ̀ padà sí Napster ní 2016.

Ní 2012 RealNetworks ta ọ̀pọ̀ nínú patent wọn, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn lórí ohun tí wọ́n ṣẹ̀dá, fún Intel ní mílíọ̀nù dọ́là 120. Glaser tó ti fipò ọ̀gá sílẹ̀ ní 2010 padà wá lọ́dún yẹn, ní 2022 ó sì ra ìpín tó kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ilé iṣẹ́ náà wá kúrò lọ́jà ìpín, ó padà sọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀.