Fọ́tò dúdú-àti-funfun nínú ọyẹ́: ká fi omi fọ̀ ọ́ ni, àbí ká fi íńkì tẹ̀ ẹ́?

Ọyẹ́ ti gbòde ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Nẹ́gẹ́tíìfù (fíìmù tí funfun ti di dúdú, tí dúdú ti di funfun) tó wà nílẹ̀ lónìí jẹ́ ti ìyá àgbà kan tó dúdú mìnìjọ̀, tó wọ bùbá léèsì funfun, oòrùn ọ̀sán gangan ni wọ́n sì ti yà á. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó tóbi, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ṣé inú yàrá òkùnkùn ni kó ti jáde ni, àbí inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onííńkì?

Irú nẹ́gẹ́tíìfù báyìí kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́. Bí a bá ka àkókò ìmọ́lẹ̀ sí ti ojú ìyá, léèsì á funfun báláú, kò ní ní ihò, kò ní ní òdòdó kankan. Bí a bá kà á sí ti léèsì, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wọ inú òkùnkùn lọ. Ìṣòro yìí ò ṣàjèjì sí àwọn ayàfọ́tò ìlú yìí. Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000) ya ará Àjàṣẹ́ ní dúdú-àti-funfun fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ dúdú àti aṣọ funfun sì ni iṣẹ́ náà láti àárọ̀ dalẹ́.

Nínú yàrá òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fara mọ́ jù. Bébà Multigrade máa ń yí ìwà padà gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ fítà (ike aláwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) tó wà lókè rẹ̀: 00 máa ń mú un rọ̀, 5 máa ń mú un le. Ẹ pa ojú lẹ́ńsì ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò di ńlá dé f/8. Ẹ fi 00 ṣáájú, ẹ gé bébà pẹlẹbẹ kan fún ìdánwò, kí ẹ máa fi páálí bò ó díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún. Ibi tí ihò léèsì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, àkókò yẹn ni kí ẹ mú. Ẹ fún bébà ìdánwò mìíràn ní àkókò yẹn látòkè délẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi 5 ṣe ìdánwò lé e lórí, títí irun àti ẹyinjú á fi dúdú tán pátápátá. Fítà 5 kì í kan léèsì lára púpọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìkejì kò fi ba ìkíní jẹ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ṣì ṣú jù, ẹ lẹ páálí kékeré mọ́ ẹnu wáyà, kí ẹ fi ṣíji bò ó fún ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbà tí 5 ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró o! Bó bá dúró, etí páálí á hàn lójú ìyá bí àpá.

Omi ló kù. Dífẹ́lọ́pà (omi tó ń mú àwòrán yọ) Multigrade ti Ilford, 1+9, ìyẹn mílílítà 100 nínú 900 omi, ìṣẹ́jú kan ló ń gbà lórí bébà tí wọ́n fi rọ́bà bò, bí omi bá wà ní 20°C. Omi inú táǹkì orí òrùlé ní Àjàṣẹ́ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Bó bá gbóná, àwòrán á sáré yọ, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á bẹ̀rù, á yọ ọ́ kíá, dúdú rẹ̀ á wá rí ṣákáṣàka, ibì kan á ṣú, ibì kan á ṣì. Ẹ là á sí 1+14, bíi mílílítà 67 nínú 933, èyí tó ń gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní 20°C. Kí ẹ sì gbé abọ́ dífẹ́lọ́pà sínú agbada tó fẹ̀ jù ú lọ, tí omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín wà nínú rẹ̀. Ẹ má ju ọ̀rá náà sínú abọ́ fúnra rẹ̀: bó bá jò, gbogbo ìwọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi kíkan tó ń dá dífẹ́lọ́pà dúró, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó tó kan fíksà (omi tó ń mú kí àwòrán dúró), 1+4: ìṣẹ́jú àáyá 30 fún bébà onírọ́bà, ìṣẹ́jú kan fún fáíbà, ìyẹn bébà tí wọn kò fi rọ́bà bò. Lítà kan fíksà yìí lè tó fún nǹkan bí 80 bébà onírọ́bà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, tàbí 40 ti fáíbà. Ẹni tó bá ń lò ó kọjá bẹ́ẹ̀ ń ba fọ́tò oníbàárà jẹ́ láìjẹ́ pé oníbàárà mọ̀. Fíksà tó ti kú, tàbí ìfọ̀kẹyìn tí kò tó, ló sábà máa ń fa àwọn àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tó ń yọ lára fọ́tò ògiri lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Ìṣẹ́jú méjì nínú omi tó ń ṣàn tó fún bébà onírọ́bà. Fáíbà ń fẹ́ wákàtí kan, omi tó sì máa ń ná wa kọjá sísọ. Nítorí náà ẹ ra Washaid, oògùn tó ń mú kí fíksà tètè fọ̀ jáde: omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, Washaid 1+4 fún mẹ́wàá, omi fún márùn-ún sí i, ó parí.

Ká wá sọ ti íńkì. Bí a bá gbé nẹ́gẹ́tíìfù milimítà 24 sí 36 sórí ẹ̀rọ ìṣàdàkọ (skánà) ní ẹ̀kán 2400 fún ínṣì kan, a ó rí ẹ̀kán 3402 sí 2268, èyí tó tó fọ́tò sẹ̀ǹtímítà 28 sí 19 tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀kán 300 fún ínṣì kan. Nínú kọ̀ǹpútà, léèsì dá wà, ojú dá wà, a lè tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe láì fọwọ́ kan èkejì, a sì lè pa àpá ibi tó ti họ àti èébu tó ti bo nẹ́gẹ́tíìfù rẹ́. Fún nẹ́gẹ́tíìfù tó ti bàjẹ́, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, íńkì ni.

Ẹ̀rọ tó ní dúdú kan ṣoṣo ni kí ẹ sá fún. Bó bá fẹ́ ṣe eérú, àwọn àwọ̀ yòókù ló máa pò mọ́ ọn, ojú ìyá á wá rí bí ewé nínú ìmọ́lẹ̀ kan, á tún rí bí elése àlùkò nínú òmíràn. Èyí tó ní dúdú, eérú àti eérú fífẹ́lẹ́ ni kí ẹ wá, kó jẹ́ íńkì pígímẹ́ǹtì, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ hóró wẹ́wẹ́. Epson ní ààyè kan fún dúdú-àti-funfun nínú ètò rẹ̀, Advanced B&W Photo, òun ni kí ẹ yàn. Bébà tí kò dán kì í gba dúdú tó jinlẹ̀. Irun àti ṣíji abẹ́ gèlè á pa pọ̀ di nǹkan kan. Bébà barítà (bébà íńkì tí wọ́n ṣe bíi fáíbà) tó ń dán, pẹ̀lú íńkì dúdú ti fọ́tò, ló ń sún mọ́ fáíbà, nígbà mìíràn dúdú rẹ̀ tilẹ̀ ń jinlẹ̀ jù ú lọ.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá ẹ̀rọ onííńkì. Íńkì máa ń gbẹ sí ẹnu ihò orí ẹ̀rọ, ìlà funfun á wá máa kọjá lára fọ́tò. Ẹ máa tẹ bébà ìdánwò ihò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kódà bí kò sí iṣẹ́. Bí ìfọ̀mọ́ ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta kò bá ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí ìfọ̀mọ́ léraléra ń jẹ íńkì gan-an. Iná tó ń lọ lójijì burú jù: orí ẹ̀rọ á dúró sí àárín ọ̀nà láì ní ìdérí, atẹ́gùn gbígbẹ á sì máa fẹ́ sí i. Bí iná bá ti dé, ẹ tan ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí orí rẹ̀ lè padà sílé. Bọ́tìnnì ni kí ẹ máa fi pa á, kì í ṣe kí ẹ yọ ọ́ lára ògiri. Onduleur (àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ iná ṣe) kékeré kan tó láti jẹ́ kí bébà tó wà lẹ́nu rẹ̀ parí.

Fún ìyá yìí, fáíbà ni mo yàn fún ti ògiri. Nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì á sì gbé léèsì náà jáde. Ẹ̀dà tí àwọn ọmọ máa pín lọ sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, kí íńkì ṣe é, torí ìkẹwàá kì í yàtọ̀ sí èkíní. Èyí tí íńkì ṣe, kó fẹ́ atẹ́gùn fún wákàtí 24 kó tó wọ férémù. Àtèyí àtọ̀hún, ẹ fi páálí pasipaatú, èyí tí a gé àárín rẹ̀ bíi fèrèsé, sí àárín fọ́tò àti gíláàsì: bí òjò bá dé, ọ̀rinrin á lẹ ojú fọ́tò mọ́ gíláàsì, kò sì ní ṣeé yọ mọ́ láìya.