Ẹ lè dárí ji awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ síwèé

Bó ṣe máa ń rí ní Àkúrẹ́ nìyí. Mọ́tò kọ lu ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà, ẹsẹ̀ ọlọ́kadà kán, wọ́n sáré gbé e lọ sọ́sibítù, ọlọ́pàá sì wọ́ mọ́tò àti ọ̀kadà lọ sí teṣàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹbí awakọ̀ ti dé. Bàbá arúgbó kan á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni, wọ́n á ní "ẹ fojú fò ó, ọmọ yín ni". Wọ́n á ka ₦80,000 sílẹ̀. Ẹnì kan á fa ewé kan ya nínú ìwé, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọlọ́kadà ò lè jókòó, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n máa na bírò sí.

Ewé ìwé yẹn ń pa ẹ̀tọ́ àwọn tó farapa ju irọ́ tí awakọ̀ lè pa ní kóòtù lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú jàǹbá kan ṣoṣo, a sì máa ń lọ́ méjèèjì pọ̀. Èkíní jẹ́ ti ìjọba: ẹ̀sùn wíwa ọkọ̀ níwàkuwà, tí ọlọ́pàá ń gbé lọ sí kóòtù májísíréètì. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó farapa fúnra rẹ̀: owó gbà-máà-bínú. DPO, ọ̀gá teṣàn, kò ní agbára láti dá iye tó tọ́ sí yín, kò sì sí ohun tó ní kí ẹ gba èyí tí ó bá dá. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, tiẹ̀ sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀tọ́ láàárín ẹni méjì. Bí àánú ọmọkùnrin náà bá ń ṣe yín, ẹ sọ fún IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, pé ẹ ò fẹ́ kí ó sùn sẹ́wọ̀n. Ìyẹn ni ìdáríjì. Kò ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ti tán. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àgbà tó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé bàbá dìde, kí ẹ fún un lómi, kí bírò sì wà níbi tó wà.

Ní ti ìyàwó tó fọwọ́ sí i: ìbùwọ́lùwé rẹ̀ kò de ọkọ tó jẹ́ àgbàlagbà tí kò rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́yà wọn máa mú un jáde, ẹ óò sì fi ọ̀pọ̀ oṣù bá ewé pélébé kan jà.

Kí ló dé tí ọjọ́ kejì fi yá jù? Torí pé kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó bàjẹ́. Egungun ojúgun tó kán máa ń gbà tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó jinná. Nígbà míì dókítà á ní àfi kí wọ́n la ẹsẹ̀, kí wọ́n ki irin gígùn bọ inú egungun, kí wọ́n fi skrúù há a lókè àti nísàlẹ̀. Ó lè kọ̀ láti so pọ̀. Ọgbẹ́ lè gbọyún. Orúnkún lè le, kó má ká tán mọ́, ọlọ́kadà tí orúnkún rẹ̀ kò ká sì ti pàdánù iṣẹ́ nìyẹn. Orí tún burú jù: ẹ̀jẹ̀ lè máa kóra jọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára àgbàlagbà, kí ẹ̀fọ́rí, oorun àsùnjù àti ọ̀rọ̀ wọ́rọ̀wọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ọ̀tá ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n jàǹbá ọjọ́sí ni, ìwé "ọ̀rọ̀ ti parí" sì ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ₦6,000 ló ń kù sọ́wọ́ ọlọ́kadà lójúmọ́ lẹ́yìn epo, ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó sì jókòó fún ogún ọ̀sẹ̀. ₦720,000 nìyẹn. Ká ní ó ń ti Bọ́lọ́rundúró lọ sí Oǹdó rí dókítà nígbà méjìlá, tí àlọ-àbọ̀ òun àti ẹni tó ń tì í lẹ́yìn jẹ́ ₦3,000: ₦36,000. Ìyàwó pa ìsọ̀ tì fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó lè máa gbé e wẹ̀, ₦3,000 lóòjọ́: ₦90,000. Ó di ₦846,000, a kò sì tíì dárúkọ owó ọsibítù, òògùn, irin inú ẹsẹ̀ àti àtúnṣe ọ̀kadà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni owó tí a lè kà. Èyí tí a kò lè kà, ìrora àti ohun tí ẹsẹ̀ kò ní lè ṣe mọ́, adájọ́ ló máa fojú díwọ̀n rẹ̀.

Fún owó tí a lè kà, kóòtù le bí òkúta. Ẹ gbọ́dọ̀ to ó ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹ sì fi ẹ̀rí gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Rìsíìtì ọsibítù gbọ́dọ̀ ní orúkọ aláìsàn, kì í ṣe ti àbúrò tó lọ sanwó. Oníkẹ́míìsì tó ta abẹ́rẹ́ fún yín lálẹ́, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí ìwé. Ọlọ́kadà kò ní ìwé owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ní káàdì àjọ. Káàdì tí alájọ ń sàmì sí lójoojúmọ́ ń fi hàn pé owó ń wọlé déédéé, ẹ ní kí alájọ bá yín wá jẹ́rìí sí i. Ìwé tó ń fi owó tó wọlé sí àkáǹtì POS hàn, ìwé tí wọ́n fi ń san owó ọ̀kadà díẹ̀díẹ̀, ìwé ẹgbẹ́, gbogbo wọn ló wúlò. Ìyá tó ń ta ẹja l'Ọjà Ọba, ìwé tó ń kọ àwìn sí kì í ṣe pàǹtí.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to egungun nílé ńkọ́? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́sibítù, ẹ ya X-ray, kí ẹ gba fíìmù rẹ̀ àti ìwé tí dókítà fi ṣàlàyé ohun tó rí, kí ẹ tọ́jú wọn. Bí ẹsẹ̀ bá wọ́ lẹ́yìn náà, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà ẹgbẹ́ kejì máa wí ni pé kì í ṣe mọ́tò ló wọ́ ọ, ẹni tó tò ó ni. Láìsí X-ray ọjọ́ kìíní, kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn?

Bí ọsibítù bá sì kọ̀ láti fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀ torí pé ẹ ò tíì san dìpọ́síìtì, òfin ìlera ti 2014, abala 20, ló ń rú yẹn. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ rọra sọ ọ́ fún wọn létí, ó máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Ní ojú jàǹbá, nọ́ńbà FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ni 122. Kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò, ẹni tó bá wà nítòsí kí ó ya fọ́tò: nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí táyà fi ojú sí lórí ọ̀dà, ibi tí gíláàsì fọ́ sí, orúkọ iléeṣẹ́ tó bá wà lára ọkọ̀, àti ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà. Kí ó gba nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tó rí i, èèyàn tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni kó jẹ́, torí èrò ọkọ̀ kì í ṣeé rí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí búrẹ́kì bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ìwé VIO ló máa sọ ọ́, ẹ̀bi náà á sì ti kúrò lọ́rùn awakọ̀ nìkan, ó ti kan ẹni tó ni ọkọ̀.

Èyí ló gbé wa dé orí ẹni tó máa sanwó. Awakọ̀ lè má ní kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣe nígbà tó gbá yín, ọ̀gá náà máa jẹ́jọ́ pẹ̀lú rẹ̀, bí ọ̀gá tilẹ̀ wà ní yàrá rẹ̀ l'Ékòó. Àwọn tírélà tó ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, iléeṣẹ́ tó ni wọ́n lẹ ń wá, ẹ má tẹjú mọ́ awakọ̀ nìkan. Lẹ́yìn ọ̀gá, ìnṣọ́ránsì. Dandan ni thírd pátì, ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ bá ṣe lọ́ṣẹ́, fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn títì, ọlọ́pàá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú un láti February 1, 2025. Láti 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, ó sì ń gbé dúkìá ẹlòmíì tó bàjẹ́ dé ₦3,000,000. Ó ń gbé ti ara tó farapa tàbí ẹ̀mí tó lọ pẹ̀lú, òdiwọ̀n ₦3,000,000 yẹn kò sì kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwé tí wọ́n ń fi han ọlọ́pàá lásán ni. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí askniid.org, ẹ óò mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Kí lọ́yà yín kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà kí ẹjọ́ tó dé kóòtù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní lè ní àwọn ò gbọ́.

Wọ́n á ní ẹ ò dé akoto. Ó lè jẹ́ òótọ́, òfin sì ní kí ọlọ́kadà àti ẹni tó gbé máa dé e. Ṣùgbọ́n ó máa ń dín owó kù ni, kì í pa ẹ̀tọ́ rẹ́. Àìdé akoto kò sì kan ẹsẹ̀ tó kán. Gbígbé èrò mẹ́ta máa ṣòroó ṣàlàyé, mi ò ní tàn yín.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba, ẹ sáré. Bí a bá máa pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ pè é láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣe é, àwọn àjọ míì sì ní kí a kọ́kọ́ fi ìwé tó wọn létí. Ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ dúró: ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1994 nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC. Ẹni tó ń sọ fún yín pé "ẹ ní sùúrù, fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá" lè máa ka oṣù.

Ti ibi iṣẹ́ yàtọ̀. Ní ṣọ̀míìlì, bí ayùn bá gé ìka, òfin ti 2010 lórí owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ló kàn yín. Ẹ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ó jẹ́ lórí ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ lè fi hàn. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú àpò owó yìí. Ẹ ní ọdún kan láti béèrè owó náà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá ń dá sí àpò náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó yín. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá lè máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Níbí nìkan ni ewé pélébé kò ti lágbára: òṣìṣẹ́ tó bá bá ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, asán ni ìwé náà.

Lọ́yà lè gbà láti mú ìdá kan nínú ohun tó bá jáde. Ẹ jẹ́ kó wà lórí ìwé, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa san owó fáìlì. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, ₦70,000, lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà. Ẹjọ́ jàǹbá wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ṣé kí ẹ wá kọ ₦80,000 náà? Rárá o, ẹ gbà á, ara ń fẹ́ ìtọ́jú. Kó gba àkáǹtì wọlé, kí ẹ sì fún wọn ní ìwé tiyín, báyìí:

"Mo gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà (₦80,000) lọ́wọ́ ẹbí awakọ̀ lónìí fún ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ara ohun tó tọ́ sí mi ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ mi láti béèrè ìyókù lọ́wọ́ awakọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì."

Ọjọ́ ìbùwọ́lùwé gidi máa dé. Ó máa dé lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọ ìwé ìkẹyìn pé ẹsẹ̀ ti jinná dé ibi tó lè jinná dé, tó sì sọ bóyá irin ṣì máa jáde, àti iye tó ń gbà. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á mú ìwé tiwọn wá. Ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, ẹ wo bóyá owó iṣẹ́ abẹ kejì wà nínú rẹ̀, ẹ wo àwọn tí ìwé náà dá sílẹ̀, torí ó lè dá ọ̀gá tí kò san kọ́bọ̀ sílẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, kí orúkọ ẹni tó kà á sì wà nísàlẹ̀ ìwé kó tó tẹ àtàǹpàkò.