Ìgò méjì ọjọ́un kọ́ nìgò méjì òní

Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà tí mo gba fìríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀. Tá a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi á jókòó ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, bíà ìgò méjì ni tèmi. Àá jiyàn bọ́ọ̀lù, àá rẹ́rìn-ín, màá délé sùn fọnfọn. Tílẹ̀ bá mọ́, ara mi á jí pépé.

Nígbà tí mo pé 52, ìgò méjì yẹn náà ni mò ń mu, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń dá a mu nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn táwọn ọmọṣẹ́ bá ti lọ. Ọmọ méjì wà ní yunifásítì, ìyá mi ń ṣàìsàn, gbèsè òwú àti aṣọ wà nílẹ̀. Mo ní kí n fi ọtí pa ìrònú rẹ́. Ó sì máa ń pa á rẹ́ lóòótọ́, fún wákàtí kan sí méjì. Tó bá di aago mẹ́ta òru, màá ta jí. Àyà mi á máa lù kìkìkì, òógùn á bò mí, gbogbo gbèsè á tò síwájú mi. Bẹ́ẹ̀ ni màá wà títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà. Láàárọ̀, màá máa jágbe mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Mo ní ayé ló le. Tó bá dalẹ́, màá tún fi ìgò kan kún un.

Oṣù Ògọ́ọ̀sì, Ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, ẹbí kan gbé léèsì wá. Ọwọ́ mi gbọ̀n, sísọ́ọ̀sì yẹ̀ kúrò lójú ilà ṣọ́ọ̀kì, mo gé apá bùbá kan kúrú. Mo san owó léèsì náà. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín.”

Nílé ìwòsàn, 160/100 ni wọ́n bá, ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ru gan-an. Nọ́ọ̀sì bi mí léèrè ọtí, mo sọ òótọ́. Ó ní, “Bàbá, omi ara wa máa ń dín kù bá a ṣe ń dàgbà. Iye ọtí kan náà á wá pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín.” Ó ṣàlàyé pé ọtí máa ń tẹ ọpọlọ rì, bó bá ń kúrò lára lóru, ọpọlọ á ta padà sókè, òun ló ń já mi láyà. Ó sì kìlọ̀ pé tí mo bá ń mu ún mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì lè gbé mi ṣubú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní ó yẹ yín o. Ọpọlọ ò tíì gbó tán títí èèyàn fi ń lọ sí bí ọmọ ọdún 25, ara yín kì í sì í tètè kìlọ̀ fún yín. Ọmọṣẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ń mu paraga nítorí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Èyí bà mí lẹ́rù ju tèmi lọ, torí ibi tí mo parí sí lòun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà. Mo ń kọ sẹ́yìn rẹ̀: mo mu, mi ò mu, aago tí mo jí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè bá ìwé náà jiyàn. Mo fi ọtí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń mu láti àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì o. Ó lè fa gbígbọ̀n, kódà kó fa gìrì. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ báyìí, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá fẹsẹ̀ rìn dé Ọláìyá kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Tá a bá jẹun tán, èmi àtìyàwó mi á jọ ka gbèsè tó kù. Láàárọ̀ àná, ohùn ìrun àsùbáà ló jí mi.