Ọmọ Tí Kì í Gbálẹ̀ Nílé

Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ìdí mi ò kán. Ó kù díẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó bí adìẹ tó ń sàba, táwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń bi mí pé kí ló ṣe mí, tí mò ń purọ́ pé àtẹ̀gùn ni. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún pé orí yìnyín ni mo jókòó sí, níṣojú àwọn ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí òkúta sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí?

Brampton là ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto, ládùúgbò tí gbogbo ilé ti jọra débi pé lọ́dún tá a kọ́kọ́ dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ki kọ́kọ́rọ́ mi bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Oṣù kẹsàn-án ni Àkànní, àkọ́bí mi, wọ sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba tó wà nítòsí wa. Kíláàsì kẹsàn-án sí ìkejìlá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ Punjab, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Gánà, ọmọ tiwa, gbogbo wọn ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ohun tí mo tètè rí ni pé eré ìdárayá ni ẹ̀sìn tó pa gbogbo wọn pọ̀. Bí ewé bá ti ń wọ́, ó di futubọ́ọ̀lù, èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Àwọn ará Amẹ́ríkà, ènìyàn 11 ni wọ́n ń kó wọ pápá. Ti Kánádà, 12 ni. Èmi rò pé torí òtútù ni wọ́n ṣe fi ẹnì kan kún un. Bí òtútù bá wá dé, gbogbo wọn á wọlé, ó di bọ́ọ̀lù agbọ̀n.

Bọ́ọ̀lù agbọ̀n yẹn lọkàn mi wà. Láti ọdún 2019 tí Raptors, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù agbọ̀n Toronto, ti gba ife NBA, tí Masai Ujiri ọmọ Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀gá nídìí ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, mi ò mọ ìyá Nàìjíríà kan ládùúgbò wa tí kò fi fíríìjì wọn gíga ọmọ ẹ̀ wò. Tèmi ga ju fíríìjì lọ. Mo ti ń ṣírò owó lọ́kàn. Ọjọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn jíìmù, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó dé ilé, ó jẹ búrẹ́dì gígẹ́ márùn-ún láìsọ̀rọ̀, ó wọ yàrá lọ. Mo ní kó gbìyànjú họ́kì. Mo lọ wo iye tí bàtà ẹ̀, akoto ẹ̀ àtìbọ̀wọ́ ẹ̀ jẹ́ ní ìsọ̀ kan, mo sì rọra fa ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà dé lẹ́yìn ara mi.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo dé láti iṣẹ́ òru níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bàtà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

"Mọ́mì, wọ́n ti mú mi sí curling."

Mo wo orí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà n'Ìbàdàn láyé ìgbà tí jẹ́rí-kọ́ọ̀lù gbòde, gbogbo ìrọ̀rí ilé wa ló fi òróró irun kùn, títí màmá wa fi gé e fún un lójú oorun. Mo ní, "Kò sí ọmọ tí mo bí tó máa curl irun. Tó bá jẹ́ skúùlù ló pa á láṣẹ, mò ń bọ̀ wá bá wọn."

Ó wò mí lójú tí àwọn ọmọ ibí fi ń wo àwa òbí. Ó ní, "Mọ́mì, eré ìdárayá ni."

Mo ní eré ìdárayá wo ni wọ́n ń fi irun ṣe? Oorun ò jẹ́ kí n dúró gbọ́ èsì. Mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, mo ka ọgọ́ta dọ́là lé e lórí, mo sì kìlọ̀ fún un pé lọ́jọ́ tí mo bá rí ẹyọ irun kan tó lọ́ lórí ẹ̀, kó tètè wá ibòmíràn sùn. Irun ẹ̀ ò yí padà. Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Àfi Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, ó pè mí lórí fóònù. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo gbàgbé bàtà curling mi. Ó wà nínú àpò dúdú lẹ́nu ọ̀nà."

Mo ṣí àpò wò. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan ń dán, ó ń yọ̀ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ti èkejì jẹ́ rọ́bà tó gán. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ yìí jẹ, wọ́n mú ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti ọ̀hún, wọ́n tà á fún un. Mo gbé ọkọ̀.

Bọ́ọ̀sì yẹ́lò skúùlù wọn ti wà níta nígbà tí mo dé. Tẹ́ ẹ bá wọlé níbẹ̀, pálọ̀ kan ló wà, àwọn bàbá arúgbó jókòó, wọ́n ń mu kọfí, dígí ńlá kan sì wà níwájú wọn. Lẹ́yìn dígí náà, yìnyín lọ súà, ó gùn bí ìta ilé mẹ́ta. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ mi.

Ó ń gbálẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí mò ń wí fún yín. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá rí ìdọ̀tí nílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ sókè fò ó kọjá bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Ọmọ tí mo rí abọ́ ìrẹsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, tí ìrẹsì náà ti hu irùngbọ̀n. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo ti pe ìyá mi láti Ìbàdàn kó bá a sọ̀rọ̀. Òun yìí ló tẹ̀ kọ̀ọ́kọ̀ọ́ lórí yìnyín, tó di ọ̀pá ìgbálẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń gbá a bí ẹni pé ọdún Iléyá kù ọ̀la. Òógùn bò ó. Ọmọ kejì ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wé láwàní sì dúró níwájú mi níbí, tó kọ ẹ̀yìn sí mi, tó fi ara ti ìgbálẹ̀ tirẹ̀ bíi baálẹ̀ tó ti ọ̀pá àṣẹ, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ariwo ló ń pa: "Hurry! Hurry hard!"

Orí mi wú. Wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ sínú òtútù, wọ́n ní kó máa gbálẹ̀, wọ́n sì tún gba ọgọ́ta dọ́là lọ́wọ́ mi lé e lórí!

Àkọlé kan wà lára ilẹ̀kùn. Mi ò kà á. Mo tì í, mo gba orí kápẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́bàá yìnyín, mo na ọwọ́ láti di ọmọ aláṣẹ yẹn léjìká mú. Mo ní, "Ìwọ, ta ló—"

Mi ò parí ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ọ̀nà Toronto, tòsì dorí kọ Ottawa, ìdí nìkan ló dúró tì mí. Mo jókòó gbàmù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ yẹn kọjá bíi dánfó tí bíréèkì ẹ̀ já, mo fi ẹsẹ̀ kó òkúta mẹ́ta dànù lójú ọ̀nà, pupa méjì, yẹ́lò kan, ó sì di ibi àmì róbótó kan tí wọ́n kùn sínú yìnyín kí n tó dúró. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àárín àmì yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń wá nínú eré náà.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ohun tí wọ́n ń gbálẹ̀ fún. Òkúta ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 kílò, wọ́n fi ọwọ́ sí i lórí bíi kẹ́tù, ó sì ń yí bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ mi wà níwájú ẹ̀, orí sílẹ̀, ó ń gbálẹ̀ bọ̀. Ó rí bàtà mi. Ó mọ bàtà náà. Ó gbójú sókè.

"Mọ́mì?"

Ohùn ọmọ náà ti di ti ọkùnrin láti oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó padà di ti ọmọ ọdún méje. Òkúta náà kò dúró o. Ó wá jẹ́jẹ́, ó kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi, kọ́, bí àna tuntun tó ń kan ilẹ̀kùn, ó sì dúró.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo rò ó pé kí n díbọ́n dákú.

Ọmọ oníláwàní ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín, ó ní, "Auntie, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín? Ẹ má tíì mira." Ẹ gbọ́ o, Auntie ló pè mí. Gbogbo ìbínú tí mo gbé wá láti ilé yọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé mà ni! Mo kàn rọra bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ mi ló ń gbálẹ̀. Ó ní òun ni olórí ẹgbẹ́, òun ló ń wo ojú ọ̀nà òkúta. Pé tí wọ́n bá ń gbá a, yìnyín á gbóná díẹ̀, òkúta á lè rìn jìnnà, kò sì ní yà púpọ̀. Ó wá fi ìwúrí kún un pé nínú gbogbo àwọn, Àkànní ló mọ ilẹ̀ gbá jù.

Àkànní. Ló mọ ilẹ̀. Gbá jù. Kò sẹ́ni tó tíì bú mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Tíṣà jọ́gíráfì wọn, tó jẹ́ kóòṣì, sáré gbé yìnyín sínú ọ̀rá wá fún mi. Ohun tó gbé mi ṣubú náà ni wọ́n tún fi ń tọ́jú mi. Àwọn ọmọ yẹn ò ní rẹfirí o. Olórí ẹgbẹ́ kejì fúnra ẹ̀ ló da àwọn òkúta tí mo fọ́n ká padà síbi tó rántí pé wọ́n wà, tiwa ní ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tún èyí tó kan bàtà mi jù. Tó bá jẹ́ níbi tí wọ́n ti bí mi ni, à bá ṣì wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Mo fi ẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn dígí. Bàbá arúgbó kan ń là mí lọ́yẹ̀: ẹni mẹ́rin lẹ́gbẹ́, òkúta 8 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ àárín jù ló jẹ. Ó ní eré àwọn ará Scotland ni, pé erékùṣù kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ailsa Craig ni wọ́n ti ń rí òkúta tó dáa jù. Ó ní yìnyín náà kì í ṣe pẹlẹbẹ, omi ni wọ́n máa ń wọ́n sí i tótòtó kó lè dì ní kókó kéékèèké. Mo ní bàbá, mo mọ̀, ó ti tẹ̀ mọ́ mi lára.

Àwọn tiwa fìdí rẹmi. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tó bá jáwé olúborí ló ń ra nǹkan mímu fún ẹni tó pàdánù. Àwọn ọmọ skúùlù kejì ra ṣokoléètì gbígbóná fún gbogbo wọn, wọ́n ra tèmi kún un. Wọ́n ní èmi náà kópa.

Nínú ọkọ̀, Àkànní ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Queen Street. Ó wá ní, "Mọ́mì, Nàìjíríà náà ń ṣe é o. Wọ́n lọ ìdíje àgbáyé ní Norway ní 2019, àwọn ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n."

Mo ní, "Ìyàwó ló ń gbálẹ̀ ni, àbí ọkọ?"

"Àwọn méjèèjì."

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ àná, níbi iṣẹ́, mo sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, ìyá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú. Ó ní òun ṣe curling nígbà èwe òun, láyé tó jẹ́ koríko gidi ni wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò ó.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìgbálẹ̀ lé Àkànní lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí. Mo rìn lọ sí òpin kọ́rídọ̀, mo fi ara ti ọ̀pá mọ́ọ̀pù bíi baálẹ̀, mo sì lọgun, "Hurry! Hurry hard!"

Ẹ̀rín pa á. Ó tẹ̀ kọ̀ọ́kọ̀ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé orí àtẹ̀gùn, eruku ń sọ. Bàbá ẹ̀ já jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ lójú, táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó ní, "Kí ló ń jó? Kí ló ń jó?"

Mo ní, "Kò sóhun tó ń jó. Ẹ yà fún un, òkúta ń bọ̀."