Má Fẹ́ Ẹ! Ìyá Ẹ Ni!

Bí mo bá rí dáńfó Ìyànà-Ìpájà báyìí, ẹ̀yìn òpó iná ni mo ń sá sí. Ẹ ṣáà mọ bí mo ṣe máa ń kàwé: ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo sì ní àwáwí tí mo fi ń bo ìwà náà: eré orí ìtàgé kì í ṣe ìwé ìròyìn, ohùn la fi ń kà á. Nínú eré tí mo ń kà nínú dáńfó lọ́jọ́ náà, Ọdẹ́wálé gba ohùn ńlá, Ojúọlá gba ohùn pẹ̀lẹ́, ìka òsì mi a sì wà lójú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn òṣèré sí, kí n má baà pe Gbọ́nká ní Aláká. Mo kàn gbàgbé pé èèyàn mẹ́rin ló fún mọ́ra lórí ìjókòó kan, etí wọn ò sì di.

Ìwé Ọlá Rótìmí ni, The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní 1968, tó di ìwé títẹ̀ ní 1971. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa kà á nìyẹn o! Oró eré náà ni pé asọ̀tàn ti tú àṣírí síta kí ìṣe kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ifá ní ọmọ Ọba Adétùsà yóò pa bàbá rẹ̀, yóò fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi okùn owó ẹyọ so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí Gbọ́nká, ìránṣẹ́ ọba, lọ pa á sínú igbó, Gbọ́nká ò pa á. Àwa tí à ń kàwé mọ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn ni ò mọ̀. Nígbà tí ọmọ náà, Ọdẹ́wálé, wá dàgbà, tó wọ Kútùjẹ́, ìlú bàbá rẹ̀, bí àlejò, tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tá, tí wọ́n fi í jọba, tí wọ́n fa Ojúọlá, opó Adétùsà, lé e lọ́wọ́, ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọgun bí ẹni pé Ọdẹ́wálé á gbọ́:

"Má fẹ́ ẹ! Ìyá ẹ ni!"

Níwájú mi gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé páálí ìwé ìpè ìgbéyàwó lé itan. Obìnrin náà fi ọdún díẹ̀ ju ọkùnrin náà lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kọ́ nìyẹn. Obìnrin náà yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Ta ni ìyá ẹ̀?"

Mo na ìwé sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Mo ṣàlàyé látorí owó ẹyọ dé orí oko iṣu nítòsí Ẹdẹ, tí Ọdẹ́wálé ti fi ọkọ́ pa bàbá rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ pàápàá dákẹ́. Mo rò pé mo ti bọ́, àṣé màmá kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò tàtàṣé.

"Ọmọ mi, ẹni tí Ifá ní ó máa fẹ́ ìyá ẹ̀, kí ló ń wá lọ́dọ̀ opó? Kò sọ́mọge ní Kútùjẹ́ ni?"

"Àṣà ìlú wọn ni, mà."

"Ifá wo ló sì rí ibi tí ò yan ẹbọ?"

"Ọmọ náà gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n fi rúbọ, mà."

"Ewúrẹ́ tán ni?"

Mo sá gba Gíríìsì lọ. Mo ní Sophocles, òǹkọ̀wé eré ará Gíríìsì, ló ti gbé e sórí ìtàgé níbẹ̀, ó lé ní 2,400 ọdún, Rótìmí kàn wọ̀ ọ́ láṣọ Yorùbá ni.

"Àbájọ. Wọn ò ní babaláwo."

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò tíì tán: "Okùn yẹn ò dápàá sí i lẹ́sẹ̀ ni? Ìyàwó bímọ mẹ́rin fún un, kò rí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ rí?" Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo so okùn. Mo fẹ́ sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ wíwú ni orúkọ Oedipus, Ọdẹ́wálé inú eré Sophocles, túmọ̀ sí, mo wá rí i pé ìyẹn á tún kó bá mi.

Ibi tí mo ti ń ṣí ìwé kiri ni a ti kọjá Ìkẹjà Along tí mo fẹ́ sọ̀. Ọ̀ṣọ́dì ni mo bọ́ sí, kọ̀ńdọ́ sì gba owó kún owó. Bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ kanlẹ̀, mo rí àfẹ́sọ́nà yẹn tó tẹ̀ ba, tó ń ká ṣòkòtò ọkùnrin náà sókè.

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn kí n rí nǹkan."