Ta ni yóò dúró fún mi ní báńkì?

Nígbà tí mo ṣí àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì mi àkọ́kọ́ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 2009, onídùúró méjì ni báńkì ní kí n mú wá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé kan, obìnrin oníṣòwò aṣọ kan ní Ọjà Ọba, tí òun àti màámi jọ jẹ́ ọmọ Ìjerò, fọwọ́ sí èkejì, ọ̀rọ̀ sì parí. N kò mọ̀ nígbà náà pé oore ńlá ni àwọn méjèèjì ṣe mí. Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 kí ó tó yé mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo bá lọ, inú àkáǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ilé iṣẹ́ náà sì ń san owó oṣù sí. Báńkì tí mo kọ́kọ́ lọ wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n wo káàdì ìgbélùú mi, wọ́n ní kò sí àléébù nínú méjèèjì, àfi kí n mú ìwé tó fi àdírẹ́sì mi hàn wá: ìwé owó iná, ìwé owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ilé, tàbí lẹ́tà tí báńkì mìíràn kọ sí mi. Yàrá kan ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lórí gbogbo ìwé tó ń wọ ilé náà. Mo wá ilé mìíràn lọ, onílé ní kí n mú àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù mẹ́ta wá kí òun tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Àìnílé ni kò jẹ́ kí n ní àkáǹtì, àìní àkáǹtì ni kò jẹ́ kí n rí ilé gbà. Nígbà tí ìyá náà tẹ̀ lé mi lọ sí báńkì láti jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ òun ni mò ń gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa lóhùn sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn kì í gba ẹ̀rí ẹnu. Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó ti ń gbé ìlú yẹn kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin náà. Ó dùn mí ju ti ara mi lọ. Owó tí ó yá mi ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí báńkì kejì fi gba lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ mi kọ.

Ohun méjì wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Láti ọdún 2016 ni òfin ti mú un ní dandan fún àwọn báńkì ńlá kan níbẹ̀ láti máa ṣí àkáǹtì kékeré tí wọ́n ń pè ní basic bank account, tí wọn kì í yá ènìyàn lówó lórí rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ń gbé ìlú náà lábẹ́ òfin tí kò sì ní irú mìíràn. Kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn bí ẹ bá débẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà sì lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀ nítorí pé a wà nínú Commonwealth, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá báńkì ṣèwádìí ìwà ènìyàn lórí gbèsè a sì máa rí orúkọ àti àdírẹ́sì yẹn. Ìwé olùdìbò ni onídùúró mi àkọ́kọ́ ní Leeds.

Ti ilé, ní Nàìjíríà, ló wá le jù. Àkáǹtì Adó ni mo ń tọ́jú owó òrùlé ilé bàbá mi ní Ìjerò sí. Ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi síìmù tí mo fi ṣe BVN, nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, sí nígbà tí mò ń lọ. Kò kó owó sí i, kò fi pe ẹnikẹ́ni, ilé iṣẹ́ fóònù sì gba nọ́ńbà náà padà, wọ́n fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà (CBN) pàṣẹ pé kí wọ́n ti irú àkáǹtì tèmi pa láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024 bí BVN àti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, kò bá pé sínú rẹ̀. NIN mi wà lọ́wọ́, òun ni mo fi gba ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n OTP, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù, tí mo nílò láti fi so ó mọ́ àkáǹtì náà, orí fóònù ẹni tí n kò mọ̀ rí ló ń lọ.

Àbúrò mi lọ bá wọn ní Òkèsà. Ọ̀gá báńkì náà mọ̀ mí láti ìgbà tó ti ń sanwó nídìí káńtà, ó béèrè àlàáfíà màámi, ó wá ní ọwọ́ òun kò ká a, àfi kí èmi fúnra mi wá fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síbẹ̀. Mo mọ̀ pé olè pọ̀, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n owó náà ń sọ agbára nù níbi tó wà, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa pinnu ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni iye páànù kò ti dúró lójú kan mọ́. Ní àsìkò òjò, màámi gbé bẹ́ẹ̀dì wọn kúrò ní yàrá wá sí pálọ̀. Wọ́n bi mí lórí fóònù pé ṣé wọ́n ti jí owó náà ni, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún wọn pé owó wà, pé èmi ni báńkì kò rí.

Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni mo tó rí ààyè wá sílé. Kò gba àwọn ará báńkì tó ogún ìṣẹ́jú láti tún un ṣe. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Báńkì Àpapọ̀ àti NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, ṣí ọ̀nà tí ẹni tó wà lókè òkun lè fi gba BVN láìwá sílé. Inú mi dùn sí i gidigidi, ó sì yẹ kó ti wà láti ọjọ́ tó pẹ́.

Síìmù tuntun tí mo rà ní Adó wà nínú fóònù kékeré kan tí n kì í yọ kúrò nínú báàgì iṣẹ́ mi. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, bí owó oṣù bá ti wọlé, mo máa ń kó káàdì sí i láti Leeds, màá sì fi ránṣẹ́ kúkúrú kan sí màámi pé òun nìyí, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.